Èmi Ni Mo Gberin Tó Mú Oorun Padà Wá sí Ìdí-Àfọ̀n

"Ìwọ lo kọ́kọ́ yán!"

"Èmi kọ́. Ìwọ ni."

"Àlàdé, mo ní ìwọ lo kọ́kọ́ yán. Mo rí ẹ. O la ẹnu gbàgà bí ẹnu ọ̀nà ọjà, mo rí ọ̀nà ọ̀fun ẹ títí dé ibi tí ẹ̀kọ àárọ̀ jókòó sí. Yíyán tèmi, tìẹ ló fà á."

"Ọdẹ́yínká, irọ́ lo pa. Láti ìgbà tá a ti jókòó sábẹ́ igi yìí, ẹnu ẹ ò tíì pa dé. Bí o ò yán, ò ń sọ̀rọ̀. Ọ̀kan ò sì sàn ju ìkejì lọ."

Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀yin ará Ìdí-Àfọ̀n, ẹ gbọ́ ohun tó ń ti ẹnu Olúọdẹ yín jáde. Ẹ gbé àpótí yín súnmọ́ mi. Ìyá Mopélọ́lá, ẹ bọ́ síwájú, ẹ̀yin lẹ máa dá ẹjọ́ yìí.

Ṣé ẹ rí ọkùnrin tó ń ju ìrùkẹ̀rẹ̀ yìí bí ẹni ń lé eṣinṣin lára ọba? Àga tó jókòó lé, àga mi ni. Ìrùkẹ̀rẹ̀ yẹn, tèmi ni. Ìyá tó ń pè é lọ́mọ títí tó fi kú, ìyá mi ni! Kò kù ju kó yá imú mi kó fi fọn ikun ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ ó mọ ẹni tó kọ́kọ́ yán láàárín wa, torí ẹni tó lè gba àga ẹni, kí ló kù tí kò ní fi síni lọ́rùn? Ìtàn ni o, kì í ṣe àlọ́, ẹ má sọ fún mi pé a kì í pa á lọ́sàn-án. Ọ̀rọ̀ tó ń ta ni níkùn kì í dúró de òṣùpá.

Nígbà tí èmi àti Àlàdé ṣì jẹ́ géńdé, oorun bàjẹ́ ní ìlú yìí. Mi ò sọ pé oorun tán o. Ó bàjẹ́ ni. Ó ń wá ní àjákù. Ẹlòmíì rí ìhanrun gbà, kò rí ìyókù: ojú ẹ̀ là kedere, ó ń jẹ ẹ̀bà, ó ń hanrun. Kábíyèsí ń dájọ́ lórí ìtẹ́, imú ẹ̀ ń dún bí ọlọ, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn rò pé ọba ti ń bínú, ló bá jẹ́wọ́ olè tí kò jà. Ẹlòmíì sì ń lá àlá láìsùn. Ìyàwó tuntun kan la ojú sílẹ̀, ó ń lá àlá pé òbúkọ ni ọkọ òun, ló bá so ó mọ́gi, ó já ewé fún un. Ohun tó dun ọkọ ọ̀hún ni pé ebi ń pa á, ó sì jẹ ewé náà.

Ní ti ìyá mi, òògbé nìkan ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Ọrùn ẹ̀ á lọ, á padà bọ̀. Á lọ, á padà bọ̀. Oorun ò dé. Ojú ẹ̀ pọ́n bí epo, ara ẹ̀ gbẹ bí ẹja orí àjà. Ó pè mí, ó ní, "Ọdẹ́yínká, tí mi ò bá sùn, màá kú o. Sọ fún Àlàdé kó bá mi wá oorun lọ."

Ẹ gbọ́ àbí ẹ ò gbọ́? Èmi tó fi inú ara ẹ̀ bí ló dúró síwájú ẹ̀, ó ní kí n sọ fún Àlàdé!

Àwọn ọmọdé nínú yín ò ní mọ̀. Ìyá Àlàdé kú lórí ìkúnlẹ̀, ìyá mi ló gbà á tọ́. Orí ẹní kan la jọ ń sùn, ìyá mi wà láàárín, Àlàdé wà lápá ọ̀tún, èmi wà lápá òsì. Títí di òní, ẹnìkan ò tíì sọ fún mi ẹni tó gbé e sápá ọ̀tún.

Ọba kéde pé ọdẹ tó bá mú oorun padà wá, òun ni Olúọdẹ. Mo kó sínú aṣọ ọdẹ mi, mo gbé ìbọn kọ́ èjìká. Kí n tó dé ẹ̀yìn odi, Àlàdé ti dúró dè mí níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Torí ta lo ṣe ń bọ̀?" Ó ní, "Ìyá wa." Mo ní, "Ìyá ta?" Bí a ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn títí a fi wọ Igbó Àìsùn.

Mi ò ní fi ọ̀nà gígùn yọ yín lẹ́nu, ẹsẹ̀ ló rìn ín. Òkè ńlá kan ló kọ́kọ́ dìde dúró níwájú wa. Òkè ní, "Ẹ kú ìrìn o. Láti ọjọ́ tí mo ti wà, orí mi lẹ ń gùn. Lónìí, èmi ló máa gun tiyín."

Mo ní, "Òkè, ọ̀rọ̀ kì í tóbi títí ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu la ó fi sọ ọ́."

Òkè ní òun ò lẹ́nu, ìdí lòun ní, ó sì ti fẹ́ jókòó. Àfi ká gbé e. Mo gbé apá kan, Àlàdé gbé ìkejì. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀ òsì, òun á gbé ọ̀tún, òkè ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òkúta ń já lù wá, àwọn ọ̀bọ tó wà lókè ń bú wa pé a ò mọ òkè é gbé. Ni Àlàdé bá dá orin sílẹ̀. Bí orin ṣe ń lọ, ẹsẹ̀ wa ń bá ara wọn mu. Ẹ̀yin èèyàn mi, ohùn yẹn! Àgbò ń jẹko lọ́nà jíjìn, ó gbórí sókè. Owú jẹ mí débi pé mo gbàgbé pé òkè wà lórí mi. Apá tó wúwo sì ni mo gbé o. Tiẹ̀, koríko ló pọ̀ níbẹ̀.

"Apá tí ìwọ gbé," ni Àlàdé wí, "ihò ló wà níbẹ̀. Ihò òkété lo rù."

Ẹ má dá a lóhùn. Ihò tó wà nínú òkè ńlá, ṣé ihò kékeré ni?

Nígbà tó rẹ òkè, ó sọ̀kalẹ̀, ó dúpẹ́, ó tẹ̀ síwájú. A dé ẹnubodè kan. Iwin tó ń ṣọ́ ọ ní ojú yí orí ká bí ìlẹ̀kẹ̀, kò sí ibi téèyàn lè gbà yọ́ kọjá. Ó ní, "Ẹ já èyí fún mi: gbogbo ayé ń wá a, ẹni tó bá rí i kì í mọ̀ pé òun ti rí i, ìgbà tó bá bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ló máa mọ̀ pé òun ní in. Kí ni?"

Mo ní, "Èmi Ọdẹ́yínká ni."

Iwin náà kó mi ní ìkó kan lórí. Ẹ wá wò ó, kókó ẹ̀ ṣì wà níbí.

Àlàdé ní, "Oorun ni." Iwin ṣílẹ̀kùn. Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn! Ó ti dé ọ̀fun mi, Àlàdé ló bá mi yọ ọ́.

Bá a ṣe wọlé, mo rí ohun tí ojú ọdẹ kankan ò rí rí. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe oorun fún gbogbo ayé ni. Ọ́fíìsì ni, tó gùn lọ títí. Ògiri pín in sí ẹ̀ka mẹ́ta. Àwọn Òògbé wà ní yàrá kìíní, ọrùn wọn rọ̀ bí iṣu tó jinná jù, wọ́n ń fi ọwọ́ gbá orí ara wọn mú kó má bọ́. Àwọn Ìhanrun wà ní ìkejì, imú wọn tó odó, adìẹ ń yé ẹyin sínú òmíràn. Àwọn Àlá wà ní ìkẹta, wọn kì í jẹ́ ohun kan pẹ́: èyí tó kí mi káàbọ̀, kó tó parí ìkíni, ó ti di kẹ̀kẹ́, ó gun ara ẹ̀ lọ. Ihò kékeré wà lára ògiri tí wọ́n ń gbà ti iṣẹ́ sí ara wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ẹrẹ̀ dí i pa.

Ọ̀gá Àgbà wọn jáde sí wa. Ojú ẹ̀ méjèèjì là rangandan, kò ní ìpéǹpéjú rárá. Mo ní, "Ọ̀gá, oorun yín ń dé ọ̀dọ̀ wa ní àjákù. Ìyá mi ń kú lọ."

Ó mí kanlẹ̀. "Owú ni," ó ní. "Tí ọmọ aráyé bá jí, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni pé, 'Mo lá àlá kan.' Ta lẹ gbọ́ tó jí rí, tó ní òògbé òun dùn? Inú bí àwọn Òògbé, wọ́n ní àwọn ò ní jẹ́ kí Àlá mọ ìgbà táwọn bá rán iṣẹ́. Ti àwọn Ìhanrun burú jù. Tí wọ́n bá sọ fún ọmọ aráyé pé ó hanrun, á ní irọ́ ni, kì í ṣe òun, ẹni tó sùn ti òun ni. Iṣẹ́ tí wọ́n fi gbogbo òru ṣe, ẹni tí wọ́n ṣe é fún ń sẹ́ wọn! Kálukú wá ń rán tiẹ̀ lọ nígbà tó bá wù ú."

Àlàdé ní, "Ẹ ò bá wọn sọ ọ́?"

"Mo pe mítíǹgì. Láti ìgbà tí bàbá bàbá yín ti wà lọ́mọ ọwọ́ ni mítíǹgì ọ̀hún ti ń lọ, wọ́n ṣì ń jà lórí ẹni tó máa ṣí i. Mo ní kí wọ́n pàrọ̀ àga. Àwọn Ìhanrun jókòó sórí àga àwọn Àlá, àga di ewúrẹ́, ó gbé wọn sá wọgbó. A ò tíì rí àwọn kan títí dòní."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo rántí ìyá mi. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Tiwọn yìí, ọmọ ẹlòmíì ló ń jẹ.

Àlàdé ronú títí, ó wá ní, "Ọ̀gá, nínú wọn, ta ló ti rí oorun kan tó pé rí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin?"

Ọ̀gá wò ó bọ̀ọ̀. "Àwa kì í sùn níbí. À ń ṣe é ni."

"Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ fún wọn nítàn nígbà náà."

Ohun tí mo fẹ́ sọ náà nìyẹn! Mo sáré dìde kó tó dìde, mo ní èmi ni n ó kọ́kọ́ sọ tèmi, torí ta ni ìyá mi bí nínú wa? Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, gbogbo wọn jáde sí àgbàlá, kálukú kọ ẹ̀yìn sí ẹ̀ka kejì. Bí mo ṣe ń tún ohùn mi ṣe, Ìhanrun kan na imú ẹ̀ gbọọrọ dé etí mi. Ó ní, "Ọdẹ, fi wá ṣe olórí ìtàn ẹ. A ó jẹ́ kí ìhanrun tìẹ máa dún bí fèrè, àwọn obìnrin á máa wá gbọ́ ọ."

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ta ló máa kọ irú ẹ̀?

Mo ní ní ayé ijọ́un, ìhanrun kan jáde nímú ọdẹ kan, èmi lọdẹ ọ̀hún, ìhanrun náà dá nìkan lé erin títí erin fi gun igi ọ̀pẹ. Àwọn Ìhanrun hó yèè! Àwọn Òògbé ní, "Ta ló kọ́kọ́ tẹ orí ọdẹ náà síwájú?" Àwọn Àlá ní, "Erin tó gun ọ̀pẹ, àlá ni! Olè, wọ́n jí iṣẹ́ wa!" Ìjà dé. Kí n tó ṣẹ́jú, àwọn Àlá ti sọ mí di gàrí.

Bẹ́ẹ̀ ni. Gàrí. Mo wà nínú igbá, mo funfun, mo kan dáadáa, èyí tó kúnná ni mí, kì í ṣe gbàgìdà. Ẹnìkan da omi lé mi lórí. Mo wú. Mo ń wo Àlàdé láti etí igbá, ó dìde, ó tún aṣọ ọdẹ ẹ̀ ṣe. Mo ní nínú ara mi pé, ó tán, wọ́n á sọ ọ́ di ẹ̀pà, wọ́n á dà á sórí mi. Lójú ikú náà, á tún wà lókè mi.

Àlàdé ò pariwo. Ó ní, "Ìtàn obìnrin kan ni mo fẹ́ sọ, bó ṣe máa ń sùn kí oorun tó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n orin wà níbẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, tí a ò bá gbe orin, ẹni tó ń sọ̀tàn á gbé ìtàn ẹ̀ mì, ó tán nìyẹn. Èyí tó tún ṣe pàtàkì: ẹ̀ka tí mo bá dárúkọ iṣẹ́ ẹ̀ kó dákẹ́. Àwọn tó kù ni kó gbè é. Ẹnìkan kì í gbe orin ara ẹ̀."

Ó ní obìnrin náà ti oko dé nírọ̀lẹ́. Ó ní ọmọ méjì, ọ̀kan ọmọ ẹ̀, ọ̀kan ọmọ tí ìyá ẹ̀ ti kú. Ó jókòó ti ògiri, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà fún oúnjẹ àwọn ọmọ, ọwọ́ ẹ̀ ń falẹ̀, ọrùn ẹ̀ ń tẹ̀. Àlàdé dá orin:

*Ìyá toko dé, ó ti rẹ̀ ẹ́ o,*
*Ọrùn ń lọ, ọrùn ń bọ̀…*

Ó dúró kí wọ́n gbè é. Iṣẹ́ àwọn Òògbé ló dárúkọ, àwọn Ìhanrun wo òkè, àwọn Àlá di òkúta. Ta ló máa fi ẹnu ara ẹ̀ yin orogún? Àlàdé dúró. Mo rí i pé ó fẹ́ gbé ìtàn náà mì lóòótọ́.

Ìyá mi ni o! Mo ti mọ̀ ọ́n. Mo mọ ògiri yẹn, mo mọ ẹ̀wà yẹn. Tí ìtàn bá dúró níbẹ̀, ìyá mi á wà lára ògiri yẹn títí, ọrùn ẹ̀ á máa lọ, á máa bọ̀. Ìlara kún inú mi bí omi ṣe kún gàrí, torí kí ló dé tó jẹ́ òun ló máa sọ ọ́? Ṣùgbọ́n mo la ẹnu. Gàrí ò lẹ́nu, mo là á bẹ́ẹ̀:

*Tẹ́ní fún un, jẹ́jẹ́.*

Gbogbo iwin yíjú sí igbá. Ọ̀kan nínú àwọn Ìhanrun ní, "Tí gàrí bá lè gbè é, àwa ńkọ́?" Ló bá fi imú gbè é: *Tẹ́ní fún un, jẹ́jẹ́.* Àwọn Àlá náà bọ́ sí i. Mo rí àwọn Òògbé, wọn ò gbọ́ ọ rí kí ẹ̀ka kejì kọrin sí iṣẹ́ wọn. Orí wọn wálẹ̀ jẹ́jẹ́.

Àlàdé ní wọ́n tẹ́ ẹní, obìnrin náà sùn, imú ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fọn. Eku sá. Ó ní bí àwọn ọmọ méjèèjì bá jí lóru, tí gbogbo ilé ṣú dùdù, tí wọ́n bá ti gbọ́ ìhanrun yẹn, wọ́n á mọ̀ pé ìyá wà nílé, ẹ̀rù ò ní bà wọ́n mọ́. Ó ní òun ọmọ aláìníyàá, ìhanrun yẹn lòun fi mọ̀ pé òun ní ìyá.

*Imú ń fọn, eku ń sá o…*

Ẹ ò ní gbàgbọ́, àwọn Òògbé ló kọ́kọ́ gbè é! *Tẹ́ní fún un, jẹ́jẹ́.* Àwọn Ìhanrun tí aráyé ń sẹ́ bú sẹ́kún, ikun tó jáde nínú imú yẹn tó gbé ọkọ̀ ojú omi.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àlá dé. Bàbá mi tó ti kú wá lójú àlá, ó ní kí ìyá mi bu omi fún òun, ó mu ún, ó ní, "O ṣeun, àwọn ọmọ náà ti dàgbà." Ìyá mi jí láàárọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín nìkan.

Mi ò gbọ́ àlá yẹn rí! Àlàdé ló rọ́ ọ fún! Ọmọ apá ọ̀tún! Inú bí mi, omi inú igbá hó. Síbẹ̀ mo ń gberin, gbogbo wọn ń gbè é, wọn ò mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ni ọwọ́ wọn ti ń ṣiṣẹ́: Òògbé ń tì í sí Ìhanrun, Ìhanrun ń tì í sí Àlá, ẹrẹ̀ ojú ihò ti jábọ́. Mo bojú wo Ọ̀gá Àgbà. Ìpéǹpéjú ti ń hù lójú ẹ̀. Ó wálẹ̀, ó pa dé. Ọ̀gá sùn. Oorun àkọ́kọ́ níbẹ̀ nìyẹn, àwọn ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró yí i ká, wọ́n ń wò ó bí ìyàwó ṣe ń wo àkọ́bí. Ọ̀kan nínú àwọn Àlá ní, "Ṣé ohun tí à ń ṣe láti ọjọ́ yìí nìyí?"

Wọ́n sọ mí di èèyàn padà. Etí mi kan ṣì ń kan díẹ̀.

Nígbà tá a délé, gbogbo ìlú ti sùn. Ewúrẹ́ sùn, èèpo iṣu wà lẹ́nu ẹ̀. Wọ́n ti tú ọkọ ìyàwó tuntun, ó sùn sórí itan ìyàwó ẹ̀. Mo sáré wọ yàrá ìyá mi. Ó ń hanrun! Àlàdé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń sunkún bí ọmọ kékeré. Èmi náà sunkún o, àmọ́ tèmi pọ̀ jù tiẹ̀ lọ.

Nígbà tí ìyá jí, ó nawọ́. Ó ní, "Àlàdé, ọmọ mi, mo gbọ́ ohùn ẹ lójú oorun."

Mo ní, "Ìyá, èmi ńkọ́?"

Ó rò ó. Ó ní, "Ẹnìkan wà tó ń gbè é lẹ́yìn. Ohùn ẹ̀ ń há lọ́fun bí gàrí tí omi ò tó."

Ọ̀rọ̀ tó sọ nìyẹn. Lórí ọ̀rọ̀ yẹn ni ọba ṣe fi Àlàdé joyè Olúọdẹ. Ẹ̀yin náà ẹ dá a: tí ẹnìkan ò bá gbè é, ṣé ìtàn á lọ? Ta ló kọ́kọ́ gbè é? Ta ló mú oorun wá?

"Òótọ́ ni," ni Àlàdé wí. "Tí kì í bá ṣe Ọdẹ́yínká, ǹ bá ti gbé ìtàn yẹn mì. Mo ti sọ fún ọba bẹ́ẹ̀, mo tún sọ ọ́ lónìí."

Ẹ rí i? Ẹ rí ìwà ìkà? Ó tún fẹ́ gba inúure mọ́ àga! Mi ò fẹ́ ọpẹ́ ẹ. Ohun tí mo fẹ́ ni kí o gbà pé ìwọ lo kọ́kọ́ yán. Ìyá Mopélọ́lá, ẹ dájọ́.

"Bàbá," ni Ìyá Mopélọ́lá wí, "ẹ má bínú o. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ yán. Mo rí eyín kan ṣoṣo tó kù sápá òsì yín."

Apá òsì! Ẹ gbọ́? Wọ́n ti rà á! Gbogbo yín ń rẹ́rìn-ín, ó dáa. Ẹ gbé ìbọn mi fún mi. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kúrò níbi ìjà ló borí, torí òun ló kọ́kọ́ rí nǹkan mìíràn ṣe. Mo ti ń lọ. Ẹ má pè mí padà.

Ẹ sì sọ fún Àlàdé kó yé kọ orin yẹn tẹ̀lé mi lẹ́yìn. Mo gbọ́ ọ. *Ìyá toko dé, ó ti rẹ̀ ẹ́ o.* Ẹ̀yin tí ẹ ń nàka sí ẹnu mi yẹn, kì í ṣe pé mo gbè é o. Mo yán ni. Àlàdé ló sì kọ́kọ́ yán.